Ìdí Tí N Kò Fi Gbé Mosúnmọ́lá Bọ̀ láti Okokomáíkò

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ̀yin tí ẹ bá mi sán ilẹ̀ sí ẹ̀yìnkùlé mi ní Òkúkù, ẹ ti ń béèrè láti ọjọ́ tí mo ti dé pé kí ló fà á tí mo fi dá lọ, tí mo sì tún dá bọ̀. N kò dá yín lóhùn. Kì í ṣe ìgbéraga. Ẹ mọ̀ pé ohun tí n kò bá lè fi ẹnu sọ, mo máa ń kọ ọ́ sílẹ̀ ni. Ó pẹ́ kí n tó lè kọ èyí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á.

Ẹ rántí bí ìyàwó mi ṣe kú. Mosúnmọ́lá lọ kí ìyá rẹ̀ ní Okokomáíkò, lọ́nà Ọ̀jọ́ lÉkòó, nígbà tí èmi wà lórí ibùsùn pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó kán. Ó sùn lọ́sàn-án ọjọ́ kan, kò jí. Mùsùlùmí ni wọ́n nílé rẹ̀; kí oòrùn tó wọ̀, wọ́n ti sin ín sínú àgbàlá bàbá rẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi máa pè mí lórí fóònù, wọ́n ti bo ilẹ̀.

Ọdún mélòó kan kọjá. Àbúrò rẹ̀, Kúdírà, tún pè mí. Ó ní rélùwéè tuntun ń bọ̀ wá gba inú àgbàlá náà kọjá, àwọn awọnlẹ̀ sì ti fi ọ̀dà pupa sàmì sí ògiri. Wọ́n ní kí ìdílé fi gbogbo sàréè tó wà níbẹ̀ hàn, kí wọ́n kọ nọ́ńbà sí i, kí àwọn ẹbí lè gbé òkú wọn lọ síbòmíràn pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Èyí tí a kò bá fi hàn títí di Ọjọ́bọ̀, ẹ̀rọ ni yóò gbẹ́ ẹ. Ẹ̀rọ kò sì mọ ohun tó ń gbẹ́.

Inú mi dùn, kí n má purọ́. Mo rí i bí ọ̀nà láti gbé ìyàwó mi wálé nígbẹ̀yìn.

“Bọ̀dá, ẹ máa bọ̀,” Kúdírà wí. “Ẹ̀yin lẹ ó sọ ibi tí wọn ó gbé e lọ. Ṣùgbọ́n wàhálà kan wà.”

“Wàhálà kí ni?”

“A ò mọ ibi tó wà.”

*

Ẹ má bínú sí wọn. Ìyá Mosúnmọ́lá ṣì wà láàyè. Bí ọmọ bá ṣáájú ìyá rẹ̀ kú, ẹ mọ̀ pé a kì í fi sàréè ọmọ náà han ìyá. Òkú ọ̀fọ̀ ni. Màmá yìí sì ń gbé nínú àgbàlá kan náà tí wọ́n sin ọmọ rẹ̀ sí. Nítorí náà Ganíyù, ẹ̀gbọ́n Mosúnmọ́lá tí ìyá mìíràn bí, tẹ́ ilẹ̀ náà pẹrẹsẹ, ó gbá a mọ́, kò fi òkúta kankan sórí rẹ̀.

Nígbà tí ẹsẹ̀ mi san tí mo lọ kí wọn, Màmá jókòó sí gbàgede. Ganíyù kò lè nawọ́. Ó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó fi àgbọ̀n rẹ̀ júwe: “Ìhà ògiri yẹn.” Mo mi orí. Mo rò pé ọjọ́ ń bẹ níwájú tí n ó béèrè dáadáa. Ganíyù náà ti kú báyìí. Àwọn ọmọ Ẹ̀gùn méjì tó bá a gbẹ́lẹ̀ ti padà sí Àjàṣẹ́. Ògiri náà wó nígbà òjò, wọ́n sì mọ òmíràn síbòmíràn. A fi ọ̀rọ̀ pamọ́ fún arúgbó títí a fi fi í pamọ́ fún ara wa.

*

Mo ní irin ni n ó bá lọ, níbi tí irin bá wà. Irin ló gbé Mosúnmọ́lá wá bá mi. Ó sọ̀ kalẹ̀ ní tésàn wa ní Òkúkù gẹ́gẹ́ bíi tíṣà tuntun, pẹ̀lú àpótí kan àti agboòrùn, ó sì bi bàbá mi, ẹni tó ń yí irin kí ọkọ̀ lè yà fún ọkọ̀, pé níbo ni ilé ẹ̀kọ́ wà. Bàbá mi ní kí n sìn ín lọ.

Ẹ̀yin àgbà rántí ayé náà. A kò ní aago nílé. Ọkọ̀ ẹrù la fi ń mọ ìgbà tí a ó gbé iṣu kaná. Ọjà kúrò nídìí ààfin, ó tẹ̀ lé irin. Gbogbo ilé àdúgbò wa kọjú sí irin, wọ́n kẹ̀yìn sí ìlú, bí ọmọ tó rí àlejò tó sì gbàgbé ìyá rẹ̀. Ọkọ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ wá mọ́, àwọn ilé náà ṣì kọjú síbẹ̀. Ìyá arúgbó tó ń se ẹ̀wà létí tésàn ṣì ń sọ ìkòkò rẹ̀ kalẹ̀ ní wákàtí tí ọkọ̀ Kánò máa ń dé. Á ṣí ìdérí, á wo ọ̀nà, á dé e padà. Gbogbo wa ń rí i, a kì í bá a sọ ọ́.

*

Ti Ìbàdàn sí Èkó kò ní ìtàn. Mo sùn. Ti inú Èkó gan-an ni mo fẹ́ sọ.

Ọkọ̀ ojú irin tuntun kan ń ti Erékùṣù lọ sí Máìlì Tú. Ó mọ́, ó tutù bí inú kànga. Ẹnikẹ́ni kò ta nǹkan níbẹ̀, kò sí ẹ̀pà, kò sí omi, kò sí ẹni tó ń wàásù. Àwọn èèyàn jókòó bí ẹni tó wá bá ọlọ́fọ̀ kẹ́dùn, olúkúlùkù tẹ orí ba. Bí mo ṣe wọlé ni mo kí wọn: “Ẹ kú ìrìn o!” Kò sẹ́ni tó dáhùn. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ọmọbìnrin kan yọ ohun tó kì bọ etí.

“Bàbá, ẹ ní kí ni?”

“Mo ní ẹ kú ìrìn ni.”

“Háà! Ẹ ṣeun, sà.” Ó rẹ́rìn-ín. “Ẹ̀yin kì í ṣe ará Èkó.”

“Ará Òkúkù ni mí.”

“Òkúkù. Ṣé ọ̀nà Ẹ̀pẹ́ nìyẹn?”

Mo ní ó jìnnà sí ọ̀nà Ẹ̀pẹ́. Ó dìde, ó fi àga rẹ̀ sílẹ̀ fún mi láìsọ̀rọ̀, ó sì tún dí etí rẹ̀ padà. Ọmọ dáadáa ni. Ìwà ọmọlúàbí wọn kò ní ariwo nínú.

Ọkọ̀ náà gba orí ọ̀sà kọjá. Láti ojú fèrèsé, ẹ kò lè rí afárá tó gbé e. Omi nìkan lẹ ó máa rí, ní ọ̀tún àti ní òsì, bí ẹni pé ohunkóhun kò sí lábẹ́ yín. Ohùn obìnrin kan sì ń dárúkọ ibùdókọ̀ kí a tó dé ibẹ̀. Ó ń sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó ń ní kí a ṣọ́ ẹsẹ̀ wa. Kò sí obìnrin náà níbì kankan. Mo mọ̀ pé ẹ̀rọ ni. Síbẹ̀, nígbà tó sọ ti ẹsẹ̀, mo bojú wẹ̀yìn. Ẹni tó wà lẹ́yìn mi ti sọ̀ kalẹ̀; àga rẹ̀ ṣófo.

*

Irin parí ní Máìlì Tú. Láti ibẹ̀ títí dé Okokomáíkò, ìlérí irin ló kù: òpó símẹ́ńtì, òkúta wẹ́wẹ́, ọ̀nà gbọọrọ kan láàárín títì márosẹ̀ tó dúró de ohun tí kò tíì dé.

Kúdírà pàdé mi ní Ìyànà Ìbà, níbi tó ti ń tẹ̀wé fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì. Ó ti kọ “Kúdírà Ojú Irin” sára ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ẹni tó ń ta búrẹ́dì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kọ “Búrẹ́dì Tésàn”. Mo ní tésàn dà? Ó fi ọwọ́ júwe òfìfo.

Nígbà tí a dé Okokomáíkò, ó lọ ra ẹja. Ó ní kí n máa kọjá lọ sí òdìkejì. Mo gbé ẹsẹ̀ sórí ọ̀nà irin náà. Yẹ̀pẹ̀ pupa ni, kò sí irin, kò sí ọkọ̀ kankan lórí rẹ̀. Obìnrin kan tó ń ta àgbọn sì kígbe mọ́ mi.

“Bàbá! Ẹ dúró! Ẹ wòsì, ẹ wọ̀tún kẹ́ ẹ tó kọjá!”

“Kí ni kí n wò?”

“Rélùwéè.”

“Irin kò mà sí nílẹ̀.”

“A mọ̀. A ń fi kọ́ra ni. Tiwa yìí kì í ké bíi ti ayé yín. Iná ló ń wọ́ ọ. Kẹ́ ẹ tó gbọ́ ọ, ẹ ti lọ.”

Aládùúgbò rẹ̀ tó ń sun àgbàdo dá sí i. “Ìyá Alágbọn, fi bàbá ará òkè sílẹ̀ jàre. Ṣé ìwọ lo ń wà á ni?”

“Gbẹ́nu ẹ dákẹ́. Ta ló sá fún kẹ̀kẹ́ lánàá tó ní rélùwéè ni?”

Wọ́n rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n mo dúró wo àwọn tó ń kọjá. Òṣìṣẹ́, aláboyún, Àfáà kan pẹ̀lú ìwé lábẹ́ abíyá: olúkúlùkù á dé etí yẹ̀pẹ̀ náà, á dákẹ́, á wòsì, á wọ̀tún, á sì yára kọjá bí ẹni tí nǹkan ń lé. Nílé wa à ń wọ̀nà fún ọkọ̀ tó ti lọ. Níbí, wọ́n ń yà fún èyí tí kò tíì bọ̀. Mo wòsì. Mo wọ̀tún. N kò rí nǹkan kan. Èmi náà sì yára kọjá.

*

Ẹni ọdún gbọọrọ ni Màmá, ojú rẹ̀ ti bàìbàì, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò tíì darúgbó. Mo fẹ́ dọ̀bálẹ̀. Orúkọ iṣẹ́ ìyàwó mi ló fi máa ń pè mí.

“Tíṣà, ẹ má dọ̀bálẹ̀ o. Ẹ ó tún kán ẹsẹ̀ yẹn.”

“Ẹ kú ilé, Màmá.”

“Kí lẹ wá ṣe?”

“Mo wá kí yín ni.”

“Ìkíni yìí jìn o,” ó wí, ó sì ní kí Kúdírà bu omi fún mi.

Ẹ̀bà àti ọ̀bọ̀kún tútù ni wọ́n fi ṣe mí lálejò, wọ́n sì fún mi ní orí ẹja gẹ́gẹ́ bí àna. Kúdírà ní kí n má retí iyán, pé ẹni tó bá ń gúnyán ní Okokomáíkò, àwọn awọnlẹ̀ á rò pé òun ló ń kan òpó. Ẹ̀rọ tó ń kan òpó rélùwéè mọ́lẹ̀ ò jìnnà sí wa. Bó bá ti dún, ilẹ̀ á mì, omi inú garawa á ṣe òrùka kékeré lójú. Gbogbo ìgbà ni Màmá ń dákẹ́ gbọ́ ọ.

“Wọ́n ń kànkùn,” ó wí.

“Ta ni, Màmá?”

“Ẹni tó ń bọ̀ ni.”

Ní ọjọ́ kejì, ọmọbìnrin awọnlẹ̀ kan tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ẹnjiníà bá mi ní ṣọ́ọ̀bù Kúdírà, níbi tí Màmá kò ti lè gbọ́ wa. Ó bọ̀wọ̀ fún mi, ó kúnlẹ̀ pẹ̀lú akoto lórí.

“Sà, sàréè mẹ́ta ni Àǹtí Kúdírà kọ fún wa. Méjì ni mo rí, ti bàbá wọn àti ti ẹ̀gbọ́n wọn. Ṣé ká kúkú fojú bù ú? A lè bu ilẹ̀ níbi tó bá sún mọ́ ọn.”

“Rárá, ọmọ mi,” mo wí. “N kò lè gbé yẹ̀pẹ̀ lásán lọ sí Òkúkù kí n máa kí i ní káàárọ̀.”

“Ọ̀la ni Ọjọ́bọ̀, sà.”

Mo ní mo mọ̀.

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà mo fi ọ̀pá ìtilẹ̀ mi rìn yí àgbàlá ká bí ẹni tó ń na ẹsẹ̀. Mo ń fi ìdí ọ̀pá kan ilẹ̀, mo ń tẹ́tí. Níbi gbogbo, ìró kan náà. Kúdírà ń gbálẹ̀ níbi tí kò sí ìdọ̀tí, ó ń wo ibi tí yẹ̀pẹ̀ bá ti jìn. Màmá jókòó lórí ẹní rẹ̀ láàárín wa, ó ń ka tẹ̀sùbáà. Mo máa ń bá ojú rẹ̀ pàdé. Ó dà bíi pé òun ló ń wá wa.

*

Òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀, ẹsẹ̀ mi wú nítorí ìrìn náà. Kúdírà po omi gbígbóná àti iyọ̀ fún mi sínú abọ́ ńlá. Nígbà tí mo ti fi aṣọ jó ẹsẹ̀ náà tó, mo gbé abọ́ náà pé kí n dà á nù. Ó ṣì ń rú èéfín. Mo lọ sí ibì kan láàárín kànga àti ògiri tuntun, ibi tí ẹnikẹ́ni kì í dúró sí, mo sì ti tẹ abọ́ náà.

“Kì í ṣe ibẹ̀!”

N kò gbọ́ irú ohùn bẹ́ẹ̀ lẹ́nu Màmá rí. Ó ti dìde dúró, òun tí a máa ń gbé dìde. Mo fa abọ́ náà mọ́ra. Omi náà ta sí mi lẹ́sẹ̀, n kò mira. Ìgbálẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ Kúdírà.

Ẹ̀yin náà mọ ibi tí a kì í da omi gbígbóná sí.

“Ata,” Màmá wí. “Mo fẹ́ gbin ata síbẹ̀.”

“Ó dáa, Màmá,” mo wí.

Ìgbà náà ni mo tó wo ilẹ̀ ibẹ̀ dáadáa. Kò sí ojú ẹsẹ̀ àga níbẹ̀, kò sí eérú, kò sí ibi tí ẹnikẹ́ni ti sá aṣọ. Gbogbo àgbàlá ni wọ́n ti lò títí ó fi le bí símẹ́ńtì, àfi ibẹ̀. Ta ló sọ fún un? Ṣé ó rí wọn lójú fèrèsé lọ́jọ́ náà ni? N kò béèrè, n kò sì ní béèrè. Ní gbogbo ọdún tí a fi ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ nítorí rẹ̀, òun nìkan ló mọ̀.

Ó na ọwọ́ sí Kúdírà. “Mú mi wọlé. Ojú ń ro mí. Kí ẹnikẹ́ni má pè mí o, títí wọn ó fi pe ìrun ọ̀sán.”

Ó wọlé. A gbọ́ nígbà tó fa ìdábùú ilẹ̀kùn fúnra rẹ̀.

Kúdírà sáré pe Ẹnjiníà àti Àfáà. Àwọn ọkùnrin méjì gbẹ́ ibẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ṣọ́bìrì fi kan pákó. Àfáà gbé ọwọ́ sókè, wọ́n dáwọ́ dúró, wọ́n dá yẹ̀pẹ̀ padà. Ẹnjiníà gbé òkúta kan síbẹ̀, ó kọ 3 sí i. Ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó gbé ìwé wá.

“Sà, ibo ni kí n kọ pé ẹ̀ ń gbé wọn lọ?”

Mo ti ní ìdáhùn kí n tó kúrò nílé. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n, ẹ̀yin lẹ sán ilẹ̀ rẹ̀. Ẹnu mi ti ya láti sọ ọ́, ni mo wo ilẹ̀kùn tí a tì náà. Ìdílé wọn ti ra ilẹ̀ kan ní Ìbà, níbi tí wọn ó kó Màmá àti àwọn sàréè tó kù lọ. Èmi ní ọ̀pọ̀ ọdún pẹ̀lú Mosúnmọ́lá, mo rí i láàárọ̀, mo rí i lálẹ́, mo gbọ́ bó ṣe ń bínú àti bó ṣe ń rẹ́rìn-ín. Ohun tí Màmá ní ni ibi tí kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni da omi gbígbóná sí. Bí mo bá gbé ìyẹn lọ, n kò mọ ohun tí yóò máa ṣọ́.

“Kọ Ìbà,” mo wí.

Kúdírà yíjú sí mi. “Bọ̀dá, ẹ̀yin kọ́ lẹ sọ pé Òkúkù?”

“Èmi ni.”

“Àwọn ará ilé ńkọ́? Wọ́n ti ń retí yín.”

“N ó bá wọn sọ̀rọ̀.”

Kúdírà fi etí ìborùn rẹ̀ nu ojú, ó sì ní òun ó mú mi lọ wo ilẹ̀ náà.

*

A dé Ìbà lọ́sàn-án yẹn. Ilé ti kún ibẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń sá aṣọ sórí gbogbo okùn. Ilẹ̀ wọn wà lórí gegele kan. Mo rìn ín yí ká, mo bi àwọn aládùúgbò mẹ́ta bí ibẹ̀ ṣe ń rí nígbà òjò. Ọ̀kan bi mí pé ṣé èmi ni mo fẹ́ kọ́lé. Mo ní àwọn àna mi ni.

Nígbà tí mo fẹ́ máa bọ̀ wálé ní ọjọ́ kejì, Màmá ti jókòó sórí ẹní rẹ̀. Wọ́n ti fi tapólì bo òkúta nọ́ńbà mẹ́ta, wọ́n sì to garawa yí i ká bí ẹni pé ọjà ni. Kò wo ìhà ibẹ̀.

“Tíṣà, Kúdírà ní ẹ dé Ìbà lánàá.”

“Mo dé ibẹ̀, Màmá.”

“Ibi tí wọ́n fẹ́ kó mi lọ.”

“Bẹ́ẹ̀ ni.”

Ẹ̀rọ náà dún lọ́nà ọ̀hún. Màmá dúró títí ìró rẹ̀ fi tán.

“Ṣé ilẹ̀ ibẹ̀ ga? Ti ibí yìí kò dáa. Bí òjò bá ti ń rọ̀ báyìí, mi ò kì í lè sùn, màá máa rò ó pé omi ń wọlẹ̀.”

“Ó ga, Màmá. Mo rìn ín yí ká. Mo béèrè. Omi kì í dé ibẹ̀.”

“Ẹ béèrè?”

“Ẹni mẹ́ta ni mo bi.”

Ó mi orí. Ó wá ọwọ́ mi títí ó fi rí i, ó dì í mú díẹ̀, ó sì jù ú sílẹ̀.

“Ẹ ṣeun,” ó wí. “Ẹ bá mi kí àwọn ará ilé yín.”

Mo ti kí yín.